Ẹ Ka Orúkọ Ibẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbéra: Ohun Tí Àmì Kékeré Inú Eré Kọ̀ǹpútà Kọ́ Mi

Ìró tí ọdẹ ń gbọ́ nínú igbó lóru kì í sábà pọ̀. Ewé gbígbẹ kan á dún, ẹ̀ka kan á ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì tún pa lọ́lọ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọdẹ á ní nǹkan kan ló kọjá. Ọdẹ tó ti pẹ́ nínú igbó á tún fetí sí i. Á mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ méjì ló tẹ ewé náà tàbí mẹ́rin, á mọ̀ bóyá ohun tó ń bọ̀ wúwo tàbí ó fúyẹ́, kò sì ní yìnbọn títí yóò fi dá a lójú pé kì í ṣe ọmọ ènìyàn ló wà lẹ́yìn igbó náà.

N kò mọ̀ pé eré orí kọ̀ǹpútà ni yóò rán mi létí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ti lé ní ọdún kan tí àbúrò mi ọkùnrin ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ kò sì tíì rí i. Lóru, bí gbogbo ilé bá ti sùn, iná kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló máa ń tàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá wa a máa mí kanlẹ̀ bí wọ́n bá ti rí i. Èmi ní tèmi kò mí kanlẹ̀. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a ń jẹun, mo pè é ní ọ̀lẹ níṣojú Màmá. Kò fèsì. Ó gbé àwo rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kò ju "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ káalẹ́" lọ.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, mo ní kí ó fi ohun tó ń ṣe hàn mí. Mo ti ń retí ìbọn tàbí bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà ni mo rí: 4.2, 11.7, 19.4. Ó tẹjú mọ́ wọn bí ọdẹ ṣe ń tẹ́tí sí ewé.

Ayé tó ju ẹgbẹ̀rún méje oòrùn lọ

EVE Online ni orúkọ eré náà. Ilé iṣẹ́ CCP Games tó wà ní Reykjavik, olú ìlú Iceland, ló ṣe é, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2003 ló sì jáde. Awakọ̀ ni olúkúlùkù ẹni tó bá ń ṣe é, gbalasa òfurufú sì ni òpópónà wọn. Yàtọ̀ sí àwọn ará Ṣáínà tí tiwọn dá dúró, inú ayé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn àti ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù lè jọ du ẹrù kan náà lóru ọjọ́ kan náà. Ní ọdún 2013, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Modern Art ní New York pàtẹ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn eré kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n kà sí iṣẹ́ ọnà.

Agbo ìràwọ̀ ni n ó máa pe àwọn àgbègbè inú rẹ̀: oòrùn kan, pẹ̀lú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì àti òṣùpá tó yí i ká. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún méje. Ènìyàn lè yan iṣẹ́ ìwakùsà níbẹ̀, ó lè ṣòwò, ó lè jagun. Iṣẹ́ ìwákiri ni àbúrò mi yàn, ìyẹn ni wíwá àwọn ibi tó fara sin.

Ohun kan wà tó mú kí eré yìí le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí pé a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé dúró. Ọkọ̀ náà lọ, ẹrù inú rẹ̀ lọ, gbogbo òru tí a fi kó o jọ sì bá a lọ.

Bí àmì ṣe ń di ibi

Nínú agbo ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ibi kan wà tí ọkọ̀ ń rí láìwá wọn. Àwọn mìíràn fara pamọ́, àmì wọn nìkan ló ń jáde. Orúkọ tí àmì bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ní kò ju lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́ta lọ, bí ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ara mọ́tò.

Kí awakọ̀ tó lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà, ó ní láti ju àwọn ẹ̀rọ atọpinpin kéékèèké mẹ́jọ sínú gbalasa. Probe ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé etí ni wọ́n. AU ni a fi ń wọn bí etí kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbọ́ jìnnà tó, AU kan sì ni àyè tó wà láàárín ayé wa yìí àti oòrùn, nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Probe tí àwọn olùwákiri ń lò jù lè gbọ́ dé 32 AU, a sì lè dín in kù sí 16, sí 8, sí 4, títí yóò fi dé ìdá mẹ́rin AU kan. Bí etí náà bá gbòòrò, ohun púpọ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ọ̀kankan dáadáa. Bí a bá dín in kù, ohùn á túbọ̀ ṣe kedere. Ṣùgbọ́n bí a bá dín in kù ní ibi tí kò yẹ, kò ní gbọ́ nǹkan kan rárá.

Probe kan ṣoṣo lè sọ bí àmì ṣe jìnnà sí i tó, ṣùgbọ́n kò mọ ìhà tó wà. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù ńlá ni èsì rẹ̀ máa ń rí lójú ẹ̀rọ, ibikíbi lára awọ bọ́ọ̀lù náà ni ohun tí a ń wá sì lè wà. Bí probe méjì bá gbọ́ àmì náà, bọ́ọ̀lù á di òrùka. Bí mẹ́ta bá gbọ́ ọ, òrùka á di ojú ibi méjì. Ọ̀kan jẹ́ òótọ́, èkejì jẹ́ òjìji. Ẹ̀kẹrin ló ń ya òótọ́ kúrò lára òjìji. Ọgbọ́n tó jọ èyí ni fóònù ọwọ́ wa ń lò: ó ní láti gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, kí ó tó lè sọ ibi tí a dúró sí gan-an.

Ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà kan máa ń wà, tó ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni mo bá lójú ẹ̀rọ lóru ọjọ́ náà. Bí agbára àmì kò bá tíì tó 25, gbogbo ohun tí a mọ̀ ni pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bí ó bá dé 25, irú ibi tó jẹ́ á hàn: àwókù àtijọ́, ilé ìpamọ́ ìsọfúnni, ìkùukùu gáàsì, ibùba àwọn ọlọ́ṣà, tàbí ihò àbùjá tó já sí agbo ìràwọ̀ mìíràn. Bí ó bá dé 75, orúkọ ibẹ̀ gan-an á jáde. Ó di ìgbà tó bá pé ọgọ́rùn-ún kí ọkọ̀ tó lè gbéra lọ síbẹ̀.

Nọ́ńbà tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú orúkọ

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí kì í dúró de 25 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Wọ́n mọ̀ pé ohun mélòó kan ló ń pinnu agbára àmì: bí probe ṣe súnmọ́ ibẹ̀ tó, bí a ṣe dín etí rẹ̀ kù tó, iye probe tó gbọ́ ọ, ìmọ̀ awakọ̀, irú ọkọ̀ tó ń wà, àti bí ibi náà fúnra rẹ̀ ṣe ń dún sókè tó. Àwọn ibi kan ń pariwo, àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí awakọ̀ bá mú kí gbogbo ìyókù dúró lójú kan, tó jẹ́ pé bákan náà ló ń to probe rẹ̀, tó sì ń fi ìwọ̀n kan náà gbọ́, ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè mú kí nọ́ńbà yàtọ̀ púpọ̀. Ibi náà fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà kan, probe kan wà nínú eré náà tí wọ́n ń pè ní Deep Space Probe, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ dé 256 AU. Ọ̀kan ṣoṣo ni awakọ̀ máa ń jù, gbogbo agbo ìràwọ̀ náà á sì wà nínú etí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sílẹ̀: báyìí ni ti irú ibi báyìí, báyìí ni ti irú ihò àbùjá báyìí. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ lè wo àmì mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì mọ èyí tó yẹ kí ó lo òru rẹ̀ lé lórí. Probe náà kò sí nínú eré mọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò bá a lọ.

Àbúrò mi ní ìwé àjákọ kan tó ń kọ tirẹ̀ sí. Ó fi ìka tọ́ka sí 19.4.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ò tíì sọ orúkọ ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí mo ṣe to probe mi, àwọn ibi tó rọrùn kì í kéré tó báyìí. Ó ṣeé ṣe kó le."

"Ṣé èyí tó le ló máa ń lérè?"

"Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ fún mi pé kí n má kánjú ni."

Irú ló mọ̀, kò mọ orúkọ

Mo bi í léèrè ta ló kọ́ ọ ní sùúrù yìí, torí n kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òfò ló kọ́ òun.

Oṣù kẹta ọdún 2009 ni ihò àbùjá wọ inú eré náà, nínú àfikún ńlá kan tí wọ́n pè ní Apocrypha. Ó mú nǹkan bí 2,500 agbo ìràwọ̀ tuntun wá, àwọn tí kò sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ bí kò ṣe inú àwọn ihò náà. Ihò àbùjá kì í pẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ó ti pa dé. Bí àwọn ọkọ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá bá sì ti wúwo jù, kò ní dúró de àsìkò rẹ̀. Ẹni tó bá wà lódì kejì ní láti wá àmì ihò mìíràn. Bí kò bá ní probe lọ́wọ́, kò lè rí ọ̀nà jáde.

Irú agbo ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi wà lóru ọjọ́ kan. Àmì kan dé 25, ó rí i pé àwókù ni. Inú rẹ̀ dùn. Àwókù àwọn ọlọ́ṣà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ní ẹ̀ṣọ́. Awakọ̀ á wọlé, á fi ọgbọ́n ṣí àwọn àpótí ibẹ̀, á kó ẹrù, á bá tirẹ̀ lọ. Àmì náà kọjá 75, orúkọ jáde, kò wò ó. Bí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ló gbéra.

Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ibẹ̀ ni Forgotten. Àwọn tó ti pẹ́ ní àgbègbè ihò àbùjá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: àwókù tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn Sleeper ló ń ṣọ́ ọ. Olóorun ni orúkọ wọn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn. Ọkọ̀ kékeré tí àbúrò mi gbé lọ kò lò tó ìṣẹ́jú kan lójú wọn. Ẹrù tó fi òru mẹ́rin kó jọ wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú ọkọ̀ ìsádi tí kò lè gbé probe, ihò tó gbà wọlé sì ti pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wá ṣe ni pé ó ba ọkọ̀ ìsádi náà jẹ́ kí ó lè padà jí ní ibùdó rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

"Irú ni mo mọ̀," ni ó wí. "Mi ò dúró gbọ́ orúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tí kò mọ̀ pé ó lè bà mí. Èmi náà ti rí iná kọ̀ǹpútà lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo ti mọ irú ènìyàn tó wà nínú yàrá náà, mo sì ti yìnbọn.

Àwọn tó ń fi àtùpà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn

Lẹ́yìn òfò náà ló tó gbọ́ pé òun ìbá ti ké sí àwọn kan. Ẹgbẹ́ olùwákiri kan wà nínú eré náà tó ń jẹ́ Signal Cartel. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kọlu ẹnikẹ́ni, nínú ayé tí ìkọlù ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. EvE-Scout Rescue ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ìdáǹdè tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń wá àwọn awakọ̀ tó há sí àgbègbè ihò àbùjá, wọ́n sì ń mú wọn jáde láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún máa ń fi àpótí kékeré pamọ́ sí àwọn agbo ìràwọ̀ náà. Ohun èlò tí a fi ń ju probe àti probe díẹ̀ ló wà nínú wọn, kí ẹni tó sọ tirẹ̀ nù lè fi wá ọ̀nà ilé.

Awakọ̀ kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ nínú eré náà ń jẹ́ Katia Sae. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́nu ìrìn àjò, ó parí ìbẹ̀wò sí gbogbo agbo ìràwọ̀ 7,805 tí awakọ̀ lè dé, láìpàdánù ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn agbo ìràwọ̀ ihò àbùjá wà lára wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé àmì ihò lórí àmì ihò ló fi ń rìn. CCP fi ère rẹ̀ lélẹ̀ ní agbo ìràwọ̀ Saisio. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn pé òwe yìí ti gbó, ẹ fi ère náà hàn án.

Àmì tó rẹlẹ̀ sì ti ti inú eré yìí ran ayé gidi lọ́wọ́. Lọ́dún 2017, abẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Project Discovery, àwọn awakọ̀ EVE bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn onímọ̀ Yunifásítì Geneva yẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tòótọ́ wò. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú ìràwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á rẹlẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà kéré gan-an: bí Júpítà bá kọjá níwájú oòrùn wa, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè máa rí pé ó dín kù. Àwọn awakọ̀ ni wọ́n ń fi ojú wá irú ìrẹ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Michel Mayor wà lára àwọn onímọ̀ tó kọ́wọ́ ti ètò náà. Òun àti Didier Queloz ló kéde pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi ká ní ọdún 1995, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ènìyàn ti lè ṣe eré náà lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà wà sí irú ọkọ̀ àti ìmọ̀ tí ẹni tí kò sanwó lè ní. Ìmọ̀ràn tí àbúrò mi ní kí n kọ fún yín nìyí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ìwákiri tí kò wọ́n, bíi Heron tàbí Imicus. Ẹ kọ́kọ́ dúró sí àwọn agbo ìràwọ̀ tí ìwọ̀n ààbò wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.5 sókè, níbi tí àwọn ọlọ́pàá inú eré ti ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣàdédé kọlu ẹlòmíràn. Ẹ máa to probe yín bákan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé yín á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lọ́dọ̀ EVE University, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ẹni tuntun láti ọdún 2004. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ tí ẹ kò lè gba òfò rẹ̀ mọ́ra. Èyí tó sì fà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni pé kí ẹ ka orúkọ ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Èmi náà fi tèmi kún un: ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa pa kọ̀ǹpútà. Eré yìí lè jẹ òru mọ́ ènìyàn lára láìjẹ́ kó fura, ara tó bá sì yẹ kó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láàárọ̀ nílò oorun.

Ẹ̀yìn ìwé náà

Bí mo ṣe fẹ́ dìde lóru ọjọ́ náà, ìwé àjákọ rẹ̀ jábọ́ lórí tábìlì, ó sì ṣí láti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà probe ló wà níwájú. Àkọsílẹ̀ mìíràn ló wà lẹ́yìn: orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kọ̀wé sí, ọjọ́ tó kọ̀wé, àwọn tó fèsì, àwọn tí kò fèsì. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Ó ní dátà òru ló dínwó jù, nítorí náà òru lòun fi ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́; bí òun bá ti parí rẹ̀, òun á wá ju probe díẹ̀ kí oorun tó kun òun.

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nídìí oúnjẹ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú Màmá, nítorí níṣojú wọn ni mo ti sọ ọ́. Màmá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fi ẹran tó wà nínú àwo wọn kún tirẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń bá a ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Iṣẹ́ kò tíì dé. Ilé iṣẹ́ méjì ti fèsì, a sì ti kọ wọ́n sínú ìwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mò ń parí àpilẹ̀kọ yìí, ó ké sí mi láti yàrá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo eléyìí. Ó ti kọjá 75."

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, a sì jọ ka orúkọ rẹ̀.